Màmá Olóúnjẹ Tó Kọ Oúnjẹ: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Èbúté-Mẹ́ta

Tọkọtaya kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Èbúté-Mẹ́ta ni wọ́n ń gbé, níbi tí ariwo ọjà Òyìngbò ti máa ń dé etí ẹni láti ìdájí. Bàbá jẹ́ ẹni ọdún 77, iṣẹ́ ojú irin ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 72. Oúnjẹ ni Màmá tà ní Òyìngbò: àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì, àti ìrẹsì lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń lọ wò wọ́n nílé. Bàbá ló ní kí n kọ ọ́, wọ́n ní bí ó bá máa ran ẹlòmíì lọ́wọ́, kí n má fi nǹkan kan pamọ́. Mo ti yí ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.

Ó ti tó bí ọdún 3 tí dókítà ti sọ pé àrùn Alzheimer, ìyẹn irú àrùn ìgbàgbé kan, ló wà lára Màmá. Wọ́n ṣì mọ ọkọ wọn, wọ́n mọ ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Ṣómólú, ṣùgbọ́n wọn kì í rántí pé àwọn ti kúrò lọ́jà. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dìde, wọ́n á máa kó abọ́ jọ, wọ́n á ní àwọn fẹ́ palẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, oògùn sì ń kápá rẹ̀. Wọn ò ní àtọ̀gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di gbólóhùn yẹn mú, a ó padà dé orí rẹ̀.

Rírù ni Màmá ń rù, ìdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí nìyẹn. Káàdì ilé ìwòsàn fi hàn pé kílò 68 ni wọ́n wọ̀n ní oṣù kìíní ọdún. Nígbà tí mo gbé wọn lé òṣùwọ̀n ní oṣù keje, 59 ló kà. Kílò 9 ti lọ láàárín oṣù 6, nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n wọ̀n tẹ́lẹ̀. Àwa tó ń tọ́jú àgbàlagbà mọ̀ pé bí ènìyàn bá pàdánù 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lóṣù kan, tàbí 10 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù 6, tí kì í ṣe pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ fẹ́ fọn, kí a tètè wá ìdí rẹ̀ ló kù. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kígbe. Màmá sanra tẹ́lẹ̀, torí náà bí ẹ bá fi kílò 59 wé gíga wọn, ibi tí wọ́n ń pè ní ó dára ló ṣì bọ́ sí. Àwọn aládùúgbò tiẹ̀ ń yìn wọ́n: "Màmá, ẹ ti padà di ọmọge o!" Ohun tí èmi rí ni bùbá tó ń yọ́ kúrò léjìká, àti òrùka ìgbéyàwó tí Bàbá ti fi òwú dúdú wé nínú kó má baà bọ́ sínú omi ìfọṣọ.

Mo béèrè ohun tí kálukú rò. Ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Kánádà sọ lórí fóònù pé àìsàn náà ló ń gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ obìnrin gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Màmá ní oúnjẹ ojú oorun ni, pé ẹni tí wọ́n bá ń bọ́ lójú oorun kò lè jẹ tojú ayé. Ọmọdébìnrin tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní Màmá ń jẹun dáadáa. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú ìwé kan jáde tí wọ́n ti ń kọ gbogbo ohun tí Màmá bá jẹ sí, bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ àkókò tí ọkọ̀ ojú irin wọlé. "7:00, ògì, ṣíbí 4. 1:15, ìrẹsì, kò jẹ. 4:00, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyọ 2." Ojú ìwé lé ojú ìwé. Mi ò tíì rí àkọsílẹ̀ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Òtítọ́ ni pé àrùn yìí fúnra rẹ̀ a máa mú ènìyàn rù. Ní Ìdìkàn, n'Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí tọpa àwọn àgbàlagbà láti ọdún 1992. Wọ́n wọ̀n wọ́n léraléra fún nǹkan bí ọdún 10, wọ́n sì rí i pé àwọn tí àrùn ìgbàgbé mú rù ju àwọn tí kò mú lọ. Imú kì í gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mọ́. Ọpọlọ tó yẹ kó sọ pé ebi ń pa mí á dákẹ́. Ẹlòmíì á jókòó láàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìjẹun, á sì búra pé òun ti jẹ. Ṣùgbọ́n kílò 9 láàárín oṣù 6 ti yára jù fún ẹni tó ṣì ń rìn, tó ṣì ń dáhùn, tó ṣì mọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé àìsàn náà ni kí ó tó wo ẹnu, kí ó tó wo oògùn, kí ó tó wo abọ́.

A kọ́kọ́ gbé Màmá lọ fún àyẹ̀wò: ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ṣúgà, tairọ́ìdì, fọ́tò àyà. Ní Èkó níbí, ẹni tó bá ń rù láìnídìí, ó yẹ kí wọ́n wò ó bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò sí nǹkan nínú ìtọ̀. Kìkì pé Màmá kì í yàgbẹ́ déédéé, ikùn wọn le, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́ nínú kì í fẹ́ jẹun. Omi ni wọn kì í mu tó. Ìbẹ́pẹ àti omi ló tún ìyẹn ṣe.

Ẹnu ló kàn. Màmá ní eyín àtọwọ́dá lókè. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ kí n wò ó, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá bẹ̀ wọ́n, wọ́n ki oríkì wọn, wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí mo tan iná fóònù sínú ẹnu náà, àjà ẹnu ti pọ́n, nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri, egbò kan sì wà ní èrìgì lápá òsì, ó tó hóró ẹ̀wà kan. Bí ara ṣe ń rù ni èrìgì náà ń rù, eyín náà wá tóbi jù fún ẹnu, ó ń ha ẹran ara ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jẹ nǹkan. Màmá kò lè sọ pé ẹnu ń dun òun. Wọ́n á ti ẹran sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á tu ú sọ́wọ́, wọ́n á rọra tì í sábẹ́ abọ́. Wọ́n sì ti ń bá wọn wí lórí ìyẹn pé wọ́n ń ṣe bí ọmọdé! Inú mi bàjẹ́ gan-an nígbà tí mo rí egbò yẹn. Dókítà kọ oògùn nystatin tí wọ́n ń kán sẹ́nu, a bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ eyín náà sílẹ̀ lálẹ́, a ń rẹ ẹ́ sínú omi, dókítà eyín sì tún un ṣe kó lè bá èrìgì mu. Kí oṣù náà tó parí, ẹran ti ń wọlé.

Nígbà tó kan oògùn, ìwé Bàbá ló jẹ́rìí. Donepezil ni wọ́n kọ fún Màmá. Oògùn náà wúlò, a máa gbé ìrántí àwọn kan ró fún ìgbà díẹ̀, kì í wo àrùn náà sàn. Ṣùgbọ́n ó lè fa èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti àìfẹ́ jẹun, ó sì lè mú ènìyàn rù. Bákan náà ni rivastigmine àti galantamine tó jẹ́ ẹbí rẹ̀. Mílígíráàmù 5 ni Màmá ń lò tẹ́lẹ̀; ní oṣù kẹta, wọ́n gbé e sí 10. Mo ṣí ìwé náà sí oṣù kẹta. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2, "kò jẹ" ti gba ojú ìwé kan. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi Bàbá léèrè. A gbé ìwé náà lọ bá dókítà, dókítà dá oògùn náà padà sí 5. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín oògùn yìí kù, kí ó má sì ṣàdédé dá a dúró. Ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ lọ bá.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ. Mo ní Màmá kò ní in. Ṣúgà wọn nígbà tí wọn kò tíì jẹun láàárọ̀ jẹ́ 92 mg/dL, kò sì ga. Síbẹ̀, lára fíríìjì, ìwé kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ lẹ̀ mọ́ ọn: kò sí ṣúgà, kò sí epo, kò sí iyán, kò sí dòdò, kò sí ẹyin. Ìfẹ́ ló kọ ìwé náà. Bàbá ọ̀rẹ́ ọmọ ọkùnrin ni àtọ̀gbẹ pa, ó sì ti pinnu pé ìyá òun kò ní kú irú ikú yẹn. Báyìí ni ìyá tó fi gbẹ̀gìrì àti epo pupa tọ́ wọn dàgbà ṣe wá ń jẹ oats tí kò ní mílíìkì, àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n kàn fi omi sè. Mo ń rí ẹ̀rù àtọ̀gbẹ nílé àwọn àgbà ní Èkó, ó sì ń fi ebi pa ẹni tí kò ní àrùn náà. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbọ́.

A já ìwé náà sílẹ̀. Ẹni tí kò lè jẹ púpọ̀, ohun tó bá jẹ gbọ́dọ̀ ní agbára nínú. A fi mílíìkì àti ẹ̀pà lílọ̀ sínú ògì. A da epo pupa àti edé lílọ̀ padà sí ewédú. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, dòdò tó rọ̀, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀. Nígbà tí ẹnu ti jinná, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹ̀wà àgànyìn láàárọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì Agége, wọ́n á ní kí wọ́n rọra fi ata sí i, kí epo sì pọ̀. Ẹ̀wà yẹn rọ̀, kò fẹ́ eyín, epo inú rẹ̀ nìkan tó oúnjẹ. Iyọ̀ ṣì kéré, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà.

Síbẹ̀ nígbà tí oúnjẹ bá dé iwájú Màmá, wọ́n á kàn máa wò ó. Abọ́ funfun ni, ìrẹsì funfun ni, aṣọ tábìlì náà funfun. Ojú àgbà tí àrùn yìí mú kì í tètè ya nǹkan sọ́tọ̀. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí kan ní Boston kọ ọ́ pé àwọn tí Alzheimer wọn ti wọra tí wọ́n fún ní abọ́ àti ife tó pupa fòò dípò funfun jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun mímu sì fi 84 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Ènìyàn 9 péré ni wọ́n fi ṣe é, mi ò ní sọ pé òfin ni. Ṣùgbọ́n abọ́ tánganran pupa kò wọ́n ní Òyìngbò. Bàbá rà á lọ́jọ́ kejì, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí na ọwọ́ sí ìrẹsì.

Wọ́n na ọwọ́, ṣùgbọ́n ṣíbí ń da ọwọ́ náà rú. Wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣíbí bu oúnjẹ, kò ní bu nǹkan kan, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Ọmọ obìnrin ló ní ṣíbí mọ́ tónítóní ju ọwọ́ lọ. Mo ní kí a gbé àmàlà wá, kí a sì gbé omi ìfọwọ́ síwájú rẹ̀. Màmá wo omi náà. Wọ́n ká apá bùbá sókè, wọ́n ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, wọ́n fi ti òsì pa á láàárín ìka, wọ́n gbọn omi rẹ̀ nù, wọ́n sì ti gé òkèlè kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ẹ jẹun. Òkèlè kékeré. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, wọ́n fi kó ewédú, wọ́n gbé e mì, wọ́n gé òmíràn. Àrùn yìí a máa gba bí a ṣe ń lo irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, àmọ́ ohun tí ọwọ́ ti ń ṣe láti kékeré máa ń pẹ́ kó tó lọ. A kó ṣíbí kúrò nílẹ̀, àfi fún ògì.

Ọ̀sán ló wá kù. Ní aago 1, kò sí ohun tó lè mú Màmá jókòó. Wọ́n á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀, wọ́n á ní: "Ta ni kò tíì jẹ? Ẹ dá àwọn ènìyàn yẹn lóhùn!" Ọmọdébìnrin náà á fi ṣíbí lé wọn kiri, ó ti rẹ òun náà. Mo ronú lé e lórí, mi ò rí ojútùú. Bàbá ló rí i. Wọ́n ní aago 1 ni èrò máa ń pọ̀ jù nídìí oúnjẹ Màmá, àti pé nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi tà á, àwọn kò rí wọn kí wọ́n jókòó jẹun nígbà tí oníbàárà wà nílẹ̀. Bàbá wá sún oúnjẹ ọ̀sán sí aago 3. Wọ́n gbé abọ́ kan ṣoṣo wá, wọ́n jókòó, wọ́n ní: "Ìyá wọn, gbogbo wọn ti jẹ, wọ́n ti sanwó. Ó ku èmi àti ìwọ."

Màmá dúró. "Ẹ̀yin náà ò tíì jẹ, bàbá wọn?"

"Mi ò tíì jẹ. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́, wọ́n jọ jẹ ẹ́ tán. Àwọn kan á ní irọ́ ni Bàbá ń pa. Ní tèmi, mi ò rí irọ́ níbẹ̀. Bàbá kàn lọ bá ìyàwó wọn níbi tó wà ni.

Ẹ̀gbọ́n Màmá kò tíì gbà. Wọ́n fẹ́ gbé àbúrò wọn lọ sórí òkè àdúrà fún ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ 3. Mi ò bá wọn jiyàn lórí àdúrà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fi káàdì ìwọ̀n hàn wọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ara yìí kò lágbára ààwẹ̀ mọ́. Bí omi bá tán lára wọn, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ bá wa gbàdúrà sórí oúnjẹ náà, kí wọ́n sì jẹ ẹ́." Wọ́n wo káàdì náà pẹ́. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á gba ààwẹ̀ náà fún àbúrò àwọn. Láti ìgbà náà, mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Sátidé, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá.

Ó wá ku ẹnì kan tí kò sí ẹni tó wọ̀n. Mo ní kí Bàbá gun òṣùwọ̀n. Wọ́n ní kí lèyí já sí, àwọn kọ́ ló ń ṣàìsàn. Kílò 64. Káàdì wọn láti ọdún 2 sẹ́yìn sọ pé 71. Ohun tó bá ṣẹ́kù lábọ́ Màmá ni wọ́n ń jẹ, ní tútù, ní ìdúró, lẹ́yìn tí Màmá bá ti sùn. Lóru, wọn kì í sùn torí Màmá á dìde. Oúnjẹ inú abọ́ kan náà tún tiwọn ṣe díẹ̀. Oorun ló le jù. Ọmọ obìnrin ń wá sùn níbẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀ àti Sátidé báyìí, ẹni tó wà ní Kánádà sì ń san owó obìnrin kan tó ń wá lóru ní àárín ọ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú ọkọ tàbí aya rẹ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n òun náà.

Màmá dé 58 ní oṣù kẹjọ, wọn ò sì lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá, 60. Ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e, 62 àti ààbọ̀. A ò lépa 68 mọ́. Àrùn náà ṣì ń tẹ̀ síwájú: láìpẹ́ yìí, omi ti ń pá wọn lórí, wọ́n á hú ikọ́ lẹ́yìn ife omi. A ń jẹ́ kí wọ́n jókòó gbọnrangandan, kí wọ́n tẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gbé e mì, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Ògì tó ki kì í pá wọn lórí bí omi lásán.

Ikọ́ yẹn ló mú kí ọmọ ọkùnrin béèrè nípa rọ́bà tí wọ́n ń gbà fi oúnjẹ sí ikùn. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì dáa pé ó béèrè kí wàhálà tó dé. Dókítà ṣàlàyé fún gbogbo wọn, Kánádà wà lórí fóònù: bí àrùn yìí bá ti dé ìpele ìkẹyìn, rọ́bà náà kì í mú ẹ̀mí gùn, kì í dènà kí oúnjẹ ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń mú kí wọ́n de ọwọ́ aláìsàn kó má baà fà á yọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà náà kò gbà á nímọ̀ràn. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe ni kí a máa fi sùúrù fún ẹni náà lóúnjẹ lẹ́nu. Ọmọ ọkùnrin ní kí wọ́n fún òun láyè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó pe Bàbá, ó ní òun gbà.

Àdéhùn ilé náà báyìí ni pé ẹnu ni Màmá á máa gbà jẹun, ìwọ̀n tí wọ́n bá fẹ́. Bí wọ́n bá yí ojú kúrò, a ó gbé e sílẹ̀, a ó tún gbé e wá láìpẹ́. Wọ́n á máa fọ ẹnu wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. A ó máa wọ̀n Màmá àti Bàbá lóṣooṣù, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì tún pàdánù kílò 3, ẹnu ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.